Ìwé Tí Mo Ní Kí Dádì Fọwọ́ Sí

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ẹnu dídùn ròyìn ìgbà tí wọ́n wà nílé-ìwé. Mi ò sí lára wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo lọ ní Monrovia lẹ́yìn ogun kò ní òrùlé lápá kan, kò ní iná, kò ní àga. Àga tí mo fi jókòó kọ́ ìṣirò owó, èmi ni mo ń rù ú láti ilé, èmi náà ni mo sì ń rù ú padà, nítorí tí mo bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ẹlòmíràn á ti fi dáná kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ní ti àwọn olùkọ́, ẹni tó bá wá ló wá. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń ka ìwé sí wa létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwa á máa dà á kọ. Bí a bá béèrè ìbéèrè, á ní ká jẹ́ kí òun ka ojú ewé náà parí ná. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọ̀mọ̀wé.

Kì í kúkú ṣe ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ló gbé mi débẹ̀. Ìwé àṣẹ ni mo ń wá. Kí èèyàn tó lè jókòó ṣe ìdánwò tó ń sọ ni di oníṣirò owó tí ìjọba mọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọ́n là sílẹ̀: ìṣirò owó ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti àgbà, ọ̀rọ̀ owó orí, òfin òwò, àti iṣẹ́ yíyẹ ìwé owó wò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ́dítì. Bí ọ̀kan bá dín, ìta lo wà. Nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ní Point Four lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ẹja yìnyín wọ̀lú, ọ̀gá mi sì ti sọ ọ́ fún mi láìfi bọpo bọyọ̀. Bí mo bá ṣe ìdánwò náà lọ́dún yẹn tí mo sì yege, èmi ni màá jókòó sórí àga olórí ọ́fíìsì. Bí mi ò bá ṣe é, wọ́n á mú ẹnì kan wá láti òkè òkun, èmi á sì máa gbé fáìlì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo ti rí irú àwọn tí wọ́n ń mú wá láti òkè òkun. Mi ò ní gbé fáìlì fún irú wọn.

Dádì ló kọ́ mi ní ọ́dítì. Kí ẹ má bàa ṣì mí gbọ́ bí àwọn kan ṣe ṣì mí gbọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé kì í ṣe bàbá tó bí mi. Bàbá tó bí mi ti kú sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Dádì ni pásítọ̀ ìjọ wa ní Duport Road, ìjọ tó jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹ sì mọ ìṣe wa: kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ pásítọ̀. Dádì ni wọ́n, Mọ́mì ni ìyàwó wọn. Bàbá arúgbó tó lè bí Dádì lọ́mọ pàápàá, Dádì ló ń pè wọ́n. Oníṣirò owó ni wọ́n ní Ìbàdàn kí wọ́n tó gba iṣẹ́ Olúwa, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa kò sì rí olùkọ́, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa wá kọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ẹ̀kọ́ náà kò jọ mí lójú. Kóòtù kan náà ni wọ́n máa ń wọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ni wọ́n máa ń gbé dání, èyí tí eku ti jẹ létí. Wọ́n á gbàdúrà ká tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún gbàdúrà tí a bá fẹ́ parí, àárín àdúrà méjèèjì ni ọ́dítì ti máa ń wá ibi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sú wọn láti tún sọ. "Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí ẹni tó ni ìwé. Ohun tó bá sì fọwọ́ sí, kó jẹ́ òótọ́." Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún kíláàsì, wọ́n á wá yíjú sí mi, wọ́n á tún un sọ ní Yorùbá, bí ẹni pé èmi nìkan ni etí mi di. Ojú fèrèsé ni mo máa ń wò. Mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé bàbá yìí kan náà, ẹni tó bá ti tẹ́ bébà síwájú wọn, wọ́n á fọwọ́ sí i. Mo ti rí wọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún àwọn ọmọ ìjọ tí mi ò lè fi ewúrẹ́ sí níkàáwọ́.

Àwọn ará ìjọ máa ń wò mí bíi pé èémí imú mi, ọ̀dọ̀ Dádì ni mo ti ń gbà á. Òótọ́ ni pé nígbà tí mo dé Monrovia, tí mo bá a pé àǹtí tí mo wá bá ti kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, Dádì àti Mọ́mì ló fún mi ní yàrá tí wọ́n ń kó àga ṣọ́ọ̀ṣì sí. Ọdún méjì ni mo fi sùn láàárín àga. Òótọ́ ni pé nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀, tí Mọ́mì kò sí nílé, Dádì fúnra wọn ló ń fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n á máa kọrin kí n lè mọ̀ pé wọn ò tíì lọ. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi oore kan náà sọ ọ́ lójú lójoojúmọ́, oore náà á kan bí ọbẹ̀ àná, àwọn ará ìjọ wa kò sì níṣẹ́ méjì.

Dádì ní tiwọn kì í sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àbùkù tiwọn ni pé "ìwọ ọmọ yìí" ni wọ́n ń pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti jẹun?" Ojú agbo ni o, níwájú ẹnikẹ́ni. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ọkùnrin mẹ́fà ló ń gba àṣẹ lẹ́nu mi ní Point Four, ẹnì kan wá ń pè mí ní ìwọ ọmọ yìí! Mo kórìíra rẹ̀ dé ọ̀run.

Nígbà tó wá kù díẹ̀ kí wọ́n gba orúkọ fún ìdánwò, mo kó ìwé máàkì mi, mo lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ yìí, ogun ló bí i. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ti jóná, àwọn kan sì wà lọ́jà Waterside tó lè tẹ ìwé máàkì ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí fún ọ kí o tó jẹ búrẹ́dì kan tán. Nítorí náà, wọn ò gba bébà lásán gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ wá dúró níwájú èèyàn mẹ́ta, kó sọ ẹni tó kọ́ ọ ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan àti ohun tó rí kọ́ níbẹ̀.

Èèyàn mẹ́ta náà ńkọ́? Ọ̀kan jẹ́ àgbàlagbà tó ń sùn. Ìkejì jẹ́ obìnrin tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń kó èèpo rẹ̀ jọ sórí fọ́ọ̀mù àwọn èèyàn. Ìkẹta ni akọ̀wé, ó fi bírò mẹ́ta kọ́ àpò àyà bíi pé ìmọ̀ ń jò láti ibẹ̀. Ọkùnrin tó wọlé ṣáájú mi sọ fún wọn pé ojú iṣẹ́ ni òun ti mọ ọ̀rọ̀ owó orí, wọ́n sì gbà á fún un. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Mo yọ ṣùtì. Mo ní bí irú èyí bá lè kọjá, kí ló máa dá èmi dúró?

Wọ́n bi mí nípa ìṣirò owó, mo dáhùn. Wọ́n bi mí nípa òfin òwò, mo dáhùn. Akọ̀wé wá fi bírò kan ìlà tó kàn.

"Auditing. Tell us one thing you learn there."

Inú mi dùn. Mo gbé àyà sókè, mo sì sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì tó ń dán, bí Dádì ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pé ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí ẹni tó ni ìwé. Obìnrin ẹlẹ́pà mi orí. Àgbàlagbà lajú.

"Fine," akọ̀wé wí. "Who teach you?"

"My daddy."

Wọ́n gbójú sókè wò mí. Mo rò pé ẹ̀rí kù díẹ̀ káàtó, ni mo bá fi kún un.

"They taught us very well, sir. They even gave me B."

"They who?"

"My daddy now."

Ṣé ẹ rí i, ẹnu mi kò tètè lè pe Dádì ní "he". Wọ́n ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu mi ní Yorùbá, wọ́n náà ni mo sì gbé lọ sínú gẹ̀ẹ́sì láìmọ̀. Obìnrin náà jáwọ́ nínú ẹ̀pà.

"So your own pa teach you, and your own pa give you B?"

"No, ma. He is not my father. He is my daddy."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, àwọn tó wà lórí ìlà níta gbọ́ ọ. Àgbàlagbà tó ń sùn tẹ́lẹ̀ ń fi aṣọ nu ojú. "Menh, you jus' finish telling us family can't check family o!" Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ṣàlàyé pé pásítọ̀ mi ni. Mo na ìka sí orúkọ bàbá mi lórí ìwé, mo ní kí wọ́n wò ó, kò jọ ti olùkọ́ rárá.

"My sister," akọ̀wé dá mi lóhùn, "in this Liberia, who carrying their own pa name?"

Èyí tó sọ yẹn, kò purọ́. Ẹni tó bá tọ́ ọmọ, orúkọ onítọ̀hún ló máa ń mọ́ ọmọ lára níbẹ̀, ogun sì ti wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà gbọọrọ lórí ọ́dítì mi. Ó ní kí n lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ olùkọ́ náà pé èmi kì í ṣe ọmọ rẹ̀, èmi kì í sì í ṣe ẹbí rẹ̀, kí òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà lórí rẹ̀, kí ó tẹ àwọn lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n padà lọ ṣe kọ́ọ̀sì náà ní sáà kan odindi, kí n wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀! Ẹni òkè òkun á ti jókòó sórí àga mi, á ti gbóná.

Nínú takisí, mo bú gbogbo wọn tán. Mo bú akọ̀wé, mo bú obìnrin ẹlẹ́pà, mo bú ìlú tí ojú iṣẹ́ ti ń kọ́ni lówó orí. Nígbà tí a fi máa kọjá Duport Road, Dádì ló kù tí mò ń bú. Kí ni wọ́n ń wá nílé-ẹ̀kọ́ gíga? Ṣé pásítọ̀ kò lè gbé orí àga ìwàásù jẹ́ẹ́ ni?

Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé náà fúnra wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n á fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo jókòó sí ọ́fíìsì ní Point Four, mo tẹ̀ ẹ́ ní gẹ̀ẹ́sì ilé-ẹjọ́. Ohun tó sọ ni pé: Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí ń jẹ́rìí pé ẹni tó mú un wá kì í ṣe ọmọ mi, kì í ṣe ẹbí mi, kò sì sí ohun kan tó pa wá pọ̀ lọ́nàkọnà, ju pé mo kọ́ ọ ní kíláàsì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wù mí. Kò sí ihò tí akọ̀wé lè ti ojú rẹ̀ wọlé.

Ọ̀sán ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n wà ní ìta gbangba iwájú ilé, Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ro ẹjọ́ fún wọn, mo fi ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sí i. Mọ́mì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi "He is not my father, he is my daddy." Dádì náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá gbé awò ojú wọ̀, wọ́n ka ìwé náà, ẹ̀rín sì tán lójú wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé a ò lè kọ ọ́ pé o kì í ṣe ọmọ tí mo fi inú bí?"

"Wọ́n á ní kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀, sà. Wọ́n á dá a padà."

Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà lọ. "Ibi tó ti ní kò sí ohun kan tó pa wá pọ̀ yìí ńkọ́? Jẹ́ ká yọ ìyẹn."

"Dádì, ìwé lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i."

"Ìwé lásán." Wọ́n tún un sọ jẹ́jẹ́. "Kí ni mo kọ́ yín nípa ohun tí èèyàn bá fọwọ́ sí?"

"Kó jẹ́ òótọ́, sà." Bí ẹni ń dáhùn àlọ́ ọmọdé ni mo ṣe dá wọn lóhùn, mo sì wo aago ọwọ́ mi kí wọ́n lè rí i pé mo wò ó.

Mọ́mì ti jáwọ́ nínú ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan yẹn." Dádì mú bírò. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Bó ṣe wà yìí gan-an lo fẹ́ kí n fọwọ́ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ kí wọ́n tó parí orúkọ wọn, ọwọ́ wọn ń falẹ̀. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé kí ni gbogbo eré yìí fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Dádì fúnra wọn ló wọ takisí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti gba òǹtẹ̀, torí pé ọwọ́ mi dí. Mo pàdé wọn ní géètì ibẹ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n na ìwé náà sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbà, Màdáàmù."

Mo rò pé wọ́n ń dápàárá ni. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo sáré gbé ìwé náà dé iwájú ìgbìmọ̀, akọ̀wé kà á, ó ní èyí ló dáa, ó sì dá ọ́dítì mi padà fún mi. Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò le tó ìgbìmọ̀ yẹn. Ìbéèrè kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń yẹ ìwé wò bá jẹ́ ẹbí ẹni tó ni ìwé, kí ló yẹ kó ṣe? Mo kọ ojú ewé méjì lé e lórí.

Ní gbogbo oṣù tí mo fi ń retí èsì, bí mo bá kúnlẹ̀ kí Dádì lọ́jọ́ Ìsinmi, ìdáhùn kan náà ni. "Ẹ káàárọ̀, Màdáàmù. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Wọn kò bínú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò tó bá wá láti ìjọ mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé mo ti dàgbà ti pẹ́. Nígbà tó yá, mo sọ fún ara mi pé àgbàlagbà ń ṣe bí ọmọdé, wọ́n ń kùn sí mi lórí bébà kan ṣoṣo. Mo sì tún pẹ̀gàn wọn nítorí ìyẹn.

Èsì jáde, mo yege. Ọ̀gá mi fún mi ní àga náà. Mo jókòó sórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo wọn wá ń kí mi ní Point Four, mo sì ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún. Kò sí. Ilé kan ṣoṣo ló wà ní Monrovia tó gbà mí sùn fún ọdún méjì. Mo wọ takisí, mo lọ sí Duport Road.

Mo kúnlẹ̀. "Dádì, mo yege."

Inú wọn dùn, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa! Ẹ kú oríire, Màdáàmù. Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga."

Mi ò dìde. "Dádì, ẹ dákun. Ẹ pè mí bí ẹ ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún. Ohùn wọn kò yàtọ̀ sí ti kíláàsì. "Màdáàmù, ọwọ́ mi ló wà lórí ìwé yẹn. Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i, kì í ṣe òótọ́. Mi ò fọwọ́ sí irọ́ rí láyé mi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo ní láti sọ ọ́ di òótọ́."

Mo rántí àwọn ìwé onídùúró tí mo fi ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tí Dádì dúró fún yẹn, Dádì gbà wọ́n gbọ́ ni. Omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́.

Mọ́mì gbé omi wá fún mi nínú ife onídígí tí wọ́n máa ń tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù de àwọn àlejò.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" Dádì béèrè.

Mo ní mo ti jẹun. Nǹkan kan kò kan ẹnu mi láti àárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé onílé.